Inú Bọ́ọ̀sì Ni Mò Ń Gbé, Mo Sì Fi Pa Mọ́ fún Tíṣà Mi

Mo ti yí orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ìtàn yìí padà, àfi tèmi nìkan. Lyle ni mò ń jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí tó sì ń ka èyí, kó mọ̀ pé èmi náà ni.

Òrùlé ni mo máa ń kàn. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí bàbá mi ń kó wa kiri àwọn oko pòtétò ní Idaho, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìgbéyàwó mi tú ká, mo ti lé lógójì ọdún dáadáa. Ìyàwó mi mú ilé, èmi mú bọ́ọ̀sì funfun tí mo fi ń kó irinṣẹ́. Mo tẹ́ ibùsùn sẹ́yìn rẹ̀, mo fi aṣọ dúdú bo àwọn fèrèsé, mo sì wà á lọ sí ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Colorado, níbi tí iṣẹ́ òrùlé ti pọ̀, tí ilé tí irú mi lè háyà ò sì sí.

Ẹ má torí ìyẹn káàánú mi. Àwa tí à ń gbé inú mọ́tò pọ̀ níbẹ̀. Àgbà wa ni Dwight, tó ń gbé inú ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí ilé ìwòsàn fi ń gbé aláìsàn nígbà kan rí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Má sùn síbì kan títí ojú mọ́tò rẹ á fi di mímọ̀," ó ní. "Má tan iná. Tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, má dáhùn, má tiẹ̀ mira. Wọ́n á rò pé mọ́tò lásán ni, wọ́n á bá tiwọn lọ."

"Tó bá wá jẹ́ èèyàn rere ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Lyle, èèyàn rere wo ló mọ ibi tí o wà?"

Òótọ́ ló sọ. Ìlú ò gbà kéèyàn sun inú mọ́tò, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà ò gbà á lórí òkè. Bí wọ́n bá kàn án tí o dáhùn, o ti tọrọ ìyọnu nìyẹn.

Eré sísá mi, inú mọ́tò yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé inú mọ́tò gbọ́dọ̀ jí kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó jí. Ibi tí mo ti ń wẹ̀ kì í tètè ṣí, iṣẹ́ náà kì í tètè bẹ̀rẹ̀. Tí ọkùnrin tó tó mi bá kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní ìdájí, wọ́n á bi í pé kí ló ń wá. Àmọ́ tó bá wọ ṣòkòtò péńpé tó ń sáré, wọ́n á jùwọ́ sí i pé ó kú ìgbìyànjú. Nítorí náà mo ń sáré. Nígbà tó yá, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀.

Ilé ìkàwé ìlú ní kíláàsì kan nísàlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà tí kò parí ìwé wọn. Mo forúkọ sílẹ̀. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, Noreen, ló ń kọ́ wa. Irun rẹ̀ funfun, ó máa ń dì í sẹ́yìn, apá rẹ̀ le bí igi. Ó ti sáré lórí gbogbo òkè tó yí ìlú yẹn ká kí n tó mọ̀ pé èèyàn ń sáré lórí òkè. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wò.

"Bàtà eré òkè lo wọ̀ wá sí kíláàsì ìṣirò," ó ní. "Ta lò ń sá fún?"

"Ìṣirò ìdá ni, mà," mo ní.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìdá máa bá ọ níbikíbi tó o bá sá dé," ó ní. "Jókòó."

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ Sunday, èmi àti òun máa ń sáré lọ sórí òkè, á sì máa bi mí ní ìṣirò bí a ṣe ń gun òkè lọ.

"Mẹ́jọ lọ́nà méje!"

"Ẹ jẹ́ kí n mí ná, Tíṣà!"

"O ráyè bẹ̀bẹ̀, o ò ráyè ṣírò. Mẹ́jọ lọ́nà méje!"

Ọjọ́ kan ni mo pa irọ́ àkọ́kọ́. A ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, à ń nu òógùn.

"Níbo gan-an lò ń gbé, Lyle?" ó ní. "Mo se ọbẹ̀ adìẹ kan tó pọ̀ jù. Màá gbé e wá fún ọ."

"Lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ràn àlejò."

"Obìnrin wo ni kò fẹ́ràn ọbẹ̀ adìẹ?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, mà."

Mi ò ní àbúrò kankan. Kí ló dé tí mo purọ́? Nítorí pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló dúró níwájú kíláàsì tó ní, "Ẹ wo Lyle. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sáré, kò pẹ́ dé rí. Ẹni tó fìdí múlẹ̀ nìyẹn." Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo fẹ́ kó máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ.

Irọ́ náà ń dàgbà. Mo sọ ìyàwó àbúrò mi lórúkọ, Tammy. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn ún. Tíṣà hun fìlà òtútù kan, ó ní kí n mú un fún un, ó tún yan bísíkíìtì kún un. Mo jókòó sórí ibùsùn mi nínú bọ́ọ̀sì, mo dé fìlà Tammy, mo sì jẹ bísíkíìtì rẹ̀ tán.

"Tammy ní ẹ ṣeun," mo sọ lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń san díẹ̀díẹ̀."

Mi ò gbé bọ́ọ̀sì mi dé ibi tí Tíṣà lè rí i rí.

Ní oṣù October ni ìlú yẹn máa ń ṣe eré orí òkè wọn. Èèyàn á gbéra ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kí ojúmọ́ tó mọ́, á yí àwọn òkè ká, ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó padà dé pápá ní alẹ́. Tíṣà ní kí n sá a. Ìdánwò àṣekágbá mi máa wáyé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Sá eré yìí, kó o wá ṣe ìdánwò," ó ní. "Lẹ́yìn náà, kò sóhun tó tún máa bà ọ́ lẹ́rù mọ́."

Gus, tó ń ta táyà mọ́tò, ni olórí eré náà. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú eré, ó kó gbogbo wa jọ, ó sì sọ òfin fún wa.

"Ẹni tí eré bá sú, kó dá a dúró," ó ní. "Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Èmi fúnra mi ti dá a dúró rí, ìgbẹ́ gbuuru ló ń yọ mí lẹ́nu." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ẹ má kúrò lójú ọ̀nà láìsọ fún wa. Ẹ já nọ́ńbà àyà yín, ẹ fi lé ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́. Torí tí a bá kà yín tí a ò rí yín pé, a máa wọ inú òkè yẹn padà láti wá yín. Àwa ò ní lọ sùn."

Tíṣà ló yàn láti rìn kẹ́yìn. Ẹni tó ń rìn kẹ́yìn ló máa ń tẹ̀ lé sárésáré tó kẹ́yìn, táá máa tú àwọn ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ igi, táá sì rí i pé kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

Bọ́ọ̀sì mi wà lórí òkè. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ibi tí ọ̀nà eré ti dábùú títì ni mo ń sùn sí, lábẹ́ àwọn igi. Dwight ló fi mọ́tò tirẹ̀ gbé mi wá sí pápá, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ilé mi.

Mo sáré dáadáa títí di ọ̀sán. Oòrùn ń ràn, mo ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ há láàárín, mo ń bá àwọn tó ń fún wa lómi ṣeré. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run ṣú lójijì. Òjò kọ́kọ́ rọ̀, ó di yìnyín, atẹ́gùn gbé e lù wá lójú. Gbogbo aṣọ mi rin. Ọwọ́ mi ò lè di okùn bàtà mọ́. Àwọn èèyàn kọjá lára mi, lẹ́yìn náà mi ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi nìkan ni mo rìn sọ̀ kalẹ̀ sí ibi ìdábùú títì náà.

Kò sí òṣìṣẹ́ eré kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn òkè tó kàn ni wọ́n wà. Bọ́ọ̀sì mi nìkan ló dúró síbẹ̀, yìnyín lórí rẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ pààrọ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Mo bọ́ aṣọ tó tutù. Mo wọ èyí tó gbẹ. Mo jókòó sórí ibùsùn láti wọ ìbọ̀sẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Mo ní kí n fi bo ẹsẹ̀ mi títí á fi móoru díẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn nítorí atẹ́gùn. Oorun gbé mi lọ.

Ẹnìkan tó ń kan ilẹ̀kùn ló jí mi.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Mo dìde jókòó. Mi ò ronú kan eré rárá. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ̀ṣọ́ igbó ti dé. Mo ṣe ohun tí Dwight kọ́ mi. Mo dákẹ́ síbẹ̀ bí òkúta.

Ẹni náà tún kàn án. Ó wá sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú mọ́tò yìí. Mi ò wá yọ yín lẹ́nu. Ẹnìkan sọnù lára àwa tí à ń sáré, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kà wá lẹ́yìn òkè. Ọkùnrin ni, ó ga, ó wọ aṣọ òjò pupa. Lyle lorúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i tó kọjá?"

Tíṣà ni.

Aṣọ òjò pupa náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, omi ń ro lára rẹ̀.

Rédíò ọwọ́ rẹ̀ ń dún gàràgàrà. Mo gbọ́ ohùn Gus nínú rẹ̀. "Noreen, sọ̀ kalẹ̀ wá. Àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí ti ń bọ̀. Iṣẹ́ wọn ni."

"Kí wọ́n tó dé, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá. Bọ́ọ̀sì funfun kan wà níbí, mo kàn án, ẹnikẹ́ni ò dáhùn."

"Bóyá ó ti fi eré sílẹ̀ ni. Bóyá ó ti wà nílé àbúrò rẹ̀ tó ń mu kọfí."

"Láìsọ fún mi?" Ohùn rẹ̀ le. "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, Gus. Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín wa. Mo lè na ọwọ́ kàn án. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ: "Tíṣà, èmi rè é." Àmọ́ bí mo bá ṣílẹ̀kùn yẹn, ó máa rí ibùsùn, ó máa rí ìkòkò ìdáná mi, ó máa rí fìlà Tammy tó so kọ́ sórí ìṣó. Ó máa rí mi nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ara mi gbẹ, ara mi móoru, nígbà tí òun dúró nínú yìnyín.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

"Ó lè jẹ́ pé kò rí ibi tí ọ̀nà ti yà nínú kùrukùru yìí," ó ní. "Ó ti lè gba ọ̀nà àwọn awakùsà àtijọ́ gòkè lọ. Màá yẹ ibẹ̀ wò."

"Noreen?" Rédíò náà ń já. "Noreen, tún un sọ. Mi ò gbọ́ ọ."

Kò tún un sọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín, ó ń lọ sókè. Ó ń pe orúkọ mi. Ó pè é, ó dúró díẹ̀, ó tún pè é. Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ lọ títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parọ́rọ́, mo jáde. Mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo la ẹnu láti pè é. Kí orúkọ rẹ̀ tó jáde lẹ́nu mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí màá sọ bó bá yíjú padà.  Mo pa ẹnu mi dé.

Mo ní yóò rìn díẹ̀, yóò sì padà. Mo ní àgbà orí òkè ni. Mo wọ iwájú mọ́tò, mo wà á sọ̀ kalẹ̀.

Mo fi bọ́ọ̀sì pamọ́ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, mo tún wọ aṣọ tútù náà, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ pápá. Bí wọ́n ṣe rí mi, ariwo sọ. Àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi. Ẹnìkan gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹran lílọ̀ gbígbóná fún mi. Gus di orí mi mú bí ìgbà tí bàbá bá di orí ọmọ rẹ̀ mú.

"Ọlọ́run ṣeun! Ibo lo bọ́ sí?"

"Mo ṣìnà," mo ní. "Mo tẹ̀ lé odò títí mo fi jáde sí títì. Ọkùnrin kan fi mọ́tò gbé mi."

"Noreen!" Gus ń kígbe sínú rédíò. "Noreen, a ti rí i! Máa bọ̀ nílé! A ti rí i o!"

Kò sí ìdáhùn.

Ó tún pè é. Gàràgàrà nìkan la gbọ́. Mo rí i bí ojú Gus ṣe yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ó bá àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí sọ̀rọ̀. "Noreen gbọ́n. Tó bá rí ibi tí Lyle ti bọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀nà odò ló máa tẹ̀ lé. Ẹ wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò."

Gbogbo wọn fi fìtílà sórí, wọ́n sì forí lé odò. Ìdàkejì òkè gbáà ni. Irọ́ mi ló rán wọn lọ síbẹ̀.

Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbé e sílẹ̀. Mo dìde.

"Ọ̀gá Gus."

"Kí ni?"

"Ó lè jẹ́ pé ... bóyá ọ̀nà òkè ló gbà."

"Kí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó tẹjú mọ́ mi. Ojú rẹ̀ kún fún ìfẹ́. Ìyẹn ló pa ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Mo kàn rò ó ni."

"Jókòó, Lyle. O ti jìyà tó lónìí."

Mo jókòó. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé ẹnikẹ́ni ò ká mi lọ́wọ́ kò, ẹnikẹ́ni ò halẹ̀ mọ́ mi. Wọ́n ní kí n jókòó, mo sì jókòó.

Dwight ló tú mi fó, kò sì mọ̀. Ó gbọ́ ní ilé ọtí pé mo sọnù, ó sì wa ọkọ̀ aláìsàn rẹ̀ jáde láti wá mi. Ó wọ inú àgọ́ tí a wà ní pápá pẹ̀lú yìnyín nínú irùngbọ̀n, ó rí mi, ó pariwo.

"Òǹrorò! Ṣé ibi tó o wà rèé tó ò ń jẹ ẹ̀wà? Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́! Mo lọ wo bọ́ọ̀sì rẹ níbi ìdábùú títì, mi ò bá a. Mo ní, á à, ọpẹ́ o, ọmọkùnrin yìí ti wa ilé rẹ̀ lọ!"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ́ọ̀sì wo?" Gus ní.

"Tirẹ̀ náà ni. Bọ́ọ̀sì funfun tó ń gbé inú ẹ̀." Dwight wo ojú mi, ó wo ojú Gus. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. "Kí ni mo sọ?"

Gus rọra yíjú sí mi. "Noreen kan bọ́ọ̀sì funfun kan níbẹ̀."

 Gbogbo àwọn tó dì mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ń wò mí.

"Ọ̀nà awakùsà," mo ní. "Ọ̀nà awakùsà àtijọ́ ló gbà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo ... mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín. Nígbà tí mo jáde."

"Ìwọ lo wà nínú mọ́tò yẹn."

"Èmi ni."

"O sùn lọ?"

Ó fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò ní lè fara dà á bí mo bá sọ ohun mìíràn.

"Mo sùn lọ," mo ní.

Ẹnu ihò àwọn awakùsà ni wọ́n ti rí i, ó jókòó sẹ́yìn òkúta, àwọn ríbọ́ọ̀nù pupa tó tú wà nínú àpò rẹ̀. Ó ṣì ń mí. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́, àmọ́ òtútù ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, àwọn dókítà sì gé iwájú wọn kúrò, wọ́n gé lára àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan pé bí wọ́n bá ti tètè dé ibẹ̀, kí wọ́n tó lọ fi àsìkò ṣòfò lẹ́bàá odò, bóyá wọn ì bá má gé nǹkan kan. Ẹni tó ń sọ ọ́ ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun.

Ìlú bínú sí mi, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe yẹ. Wọ́n ní mo rú òfin eré, wọ́n ní mo jẹ́ òpùrọ́, pé ojú ló ń tì mí nítorí ibi tí mò ń gbé. Àwọn kan tiẹ̀ gbèjà mi. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ ti dì bẹ́ẹ̀, bí ẹ lu agogo létí rẹ̀, kò ní gbọ́. Obìnrin kan tí mo bá kan òrùlé rí fún mi ní búrẹ́dì, ó ní kí n má pa ara mi. Búrẹ́dì yẹn korò lẹ́nu mi.

Mi ò lè sùn mọ́. Bí mo bá pa ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì dé, màá gbọ́ ọ lóde. Kì í ṣe pé ó ń bẹ mí o. Ohùn líle yẹn ni: "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Mo mọ̀ ọ́n." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ sùn nínú òtútù. Bí mo bá sáré, màá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn mi lórí yìnyín, màá dúró, kò sẹ́nì kankan. Mo dẹ́kun eré sísá. Ọjọ́ ìdánwò dé, ó kọjá, mi ò lọ.

Mo sọ òtítọ́ fún Dwight nìkan. 

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sí."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Sọ pé o sùn. Gbogbo ayé ló ti gbà pé o sùn. Kí ni òtítọ́ máa ṣe fún un? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa hù padà ni?"

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ohun tí mo lọ ṣe, nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ṣe é tàbí nítorí kí èmi lè rí oorun sùn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń kà á, kí ẹ bá mi dá ẹjọ́ náà.

Wọ́n ti gbé e padà sílé nígbà tí mo lọ. Ọ̀sán gangan ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, kò kí mi, ó kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tíṣà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti rù. Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé.

"Lyle," ó ní. "Jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró, mà."

"Ó dáa."

Mo dúró. 

"Mi ò ní àbúrò kankan," mo ní. "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Tammy."

"Gus ti sọ fún mi."

"Ó sọ fún yín pé mo sùn."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

Ó gbé gègé sílẹ̀. Ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo lè sọ pé rárá. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà láti jáde wà níbẹ̀, gbogbo ìlú ti là á sílẹ̀ fún mi.

"Mo gbọ́ yín," mo ní. "Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Mo gbọ́ tí ẹ ní ẹ mọ̀ mí."

Kò sunkún. Kò pariwo. Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìdáhùn kan wá tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Nígbà tí mo kàn án lẹ́ẹ̀kíní," ó ní, "mọ́tò yẹn mì. Ó mì bí ìgbà tí èèyàn bá dìde jókòó. Mo ti mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ mi. Mi ò bínú sí i, torí mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. "Láti ọjọ́ tí Gus ti sọ pé ìwọ ni, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run ni pé kó jẹ́ pé oorun ló mú ọ yí ara padà."

Mo wo gègé tó gbé sílẹ̀.

"Ìdánwò ńkọ́?" ó ní.

"Mi ò lọ, mà."

"Wọ́n tún máa ṣe òmíràn nígbà òtútù. Lọ ṣe é." Ó mú gègé rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbìyànjú láti dì í mú, ó bọ́, ó tún mú un. "Má wá sílé mi mọ́, Lyle."

Mo lọ ṣe é ní ìlú mìíràn. Mo yege. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní, torí ẹnìkan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ fún ti ní kí n má wá mọ́, mo sì ti pinnu pé, ó kéré tán, màá gbọ́ èyí.